Àga Tó Ṣófo fún Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Lóṣù karùn-ún ọdún 2022, èmi àti obìnrin ará Nepal kan la jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan nítòsí Aldershot, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Didi ni mo ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni didi lédè wọn. Bahini ni àwọn náà ń pè mí, ìyẹn àbúrò. Tí a bá ti yí àwọn màmá àti bàbá wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì tán, tí a ti pààrọ̀ ohun tó yẹ ká pààrọ̀, tí ilé sì pa lọ́lọ́, Didi á yọ fóònù, wọ́n á gbé e ti kẹ́tùlù, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn. Mo rò pé fíìmù ni. Nígbà tí mo yọjú, àwọn èèyàn kan ni mo rí tí wọ́n da bébà sórí tábìlì gbọọrọ, tí wọ́n ń ṣà á ní oríṣi-oríṣi, tí wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀.

"Ṣé ìbò olórí ìjọba ni, Didi?"

"Rárá o, bahini. Ti méyọ̀ ni."

Ẹnu yà mí. Ta ní ń ṣọ́ ìbò káńsù? Nílùú tí mo ti wá, ọjọ́ ìbò káńsù ni àwọn ọmọdé máa ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì nítorí pé ọkọ̀ ò rìn, tí àwọn àgbà á sì sùn ọ̀sán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ gómìnà ti kó gbogbo rẹ̀, láti orí alága títí dórí káńsílọ̀ tó kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló wọlé. Didi wá jìnnà sílé tó báyìí, aago méjì òru, wọ́n ń ṣọ́ ìbò méyọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka ìbò ní Nepal. Òǹtẹ̀ ni olùdìbò ń tẹ̀ sórí àmì ẹni tó bá wù ú. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ni wọ́n dìbò, ṣùgbọ́n ní Kathmandu, olú-ìlú wọn, ọjọ́ 26 ni wọ́n tó kéde ẹni tó wọlé. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni Didi fi ń sọ iye ìbò fún mi nígbà tí a bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ìròyìn rẹ̀ kún gbogbo fóònù nígbà náà ni Balendra Shah, tí wọ́n ń pè ní Balen, ọmọ ọdún 32, ẹnjiníà tó tún ń kọrin ráàpù. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni àmì rẹ̀ lórí bébà ìdìbò. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì tó dojú kọ ọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré rárá, kódà Keshav Sthapit tí ẹgbẹ́ UML fà kalẹ̀ ti ṣe méyọ̀ ìlú náà rí. Balen gba ìbò 61,767. Nínú àwọn tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó dé 40,000.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú èsì yẹn kì í ṣe Balen. Igbákejì rẹ̀ ni. Sunita Dangol ló wọlé sípò igbákejì méyọ̀, ẹgbẹ́ UML ló sì ti wá, ẹgbẹ́ kan náà tí Balen fẹ̀yìn olùdíje rẹ̀ balẹ̀. Ìbò tó rí gbà ju ti Balen fúnra rẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé àwọn ará Kathmandu mú bébà náà lọ́wọ́, wọ́n sì ń ronú lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan: màá mú èyí níbí, màá mú tọ̀hún lọ́hùn-ún. Mo ti dìbò nílé lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò dìbò báyẹn rí.

Ṣùgbọ́n ọkàn Didi kò sí ní Kathmandu. Dharan ni ìlú wọn, lápá ìlà-oòrùn, nísàlẹ̀ àwọn òkè. Ọmọ ogun Gurkha ni bàbá wọn, ara àwọn ará Nepal tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbà síṣẹ́ ogun láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àgọ́ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Dharan nígbà kan, ilé ìwòsàn ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọdún 2009 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí àwọn Gurkha tó fẹ̀yìn tì ṣáájú ọdún 1997 máa wá gbé lọ́dọ̀ wọn, bí ìdílé Didi ṣe dé Aldershot nìyẹn. Ní Dharan náà, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ló wọlé: Harka Sampang, ọkùnrin tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ìfẹ̀hónúhàn àti ọ̀rọ̀ omi. Omi ni wàhálà Dharan láti ọjọ́ pípẹ́.

Didi kò sì lè dìbò. Láti ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nepal ti pàṣẹ pé kí ìjọba wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun á fi máa dìbò, àṣẹ yẹn ṣì wà nínú bébà nígbà tí ìbò 2022 dé. Èmi náà ò lè dìbò láti ibi tí mo wà. Àwa méjèèjì jókòó sínú ilé ìdáná yẹn, a ń wo ìlú tí a ń fowó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, tí kò sì ka ohùn wa kún.

Mo bi Didi lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ méyọ̀ fi ká wọn lára tó báyìí. Wọ́n ní, "Bahini, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àga yẹn fi ṣófo."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ.

Ọdún 1997 ni Nepal dìbò ìjọba ìbílẹ̀ kí àga tó ṣófo. Ogun abẹ́lé àwọn Maoist, àwọn kọ́múníìsì tó gbé ìbọn dojú kọ ìjọba, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Bí ogun ṣe ń ràn, àwọn tí ará abúlé yàn ń sá wá sí ìlú ńlá, àwọn Maoist ń dáná sun ọ́fíìsì abúlé. Lọ́dún 2002, sáà àwọn tí wọ́n yàn parí. Ìjọba kò sún sáà wọn síwájú, kò sì ṣètò ìbò tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kó iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ọba Gyanendra, tó ti gba gbogbo agbára sọ́wọ́ ara rẹ̀ lọ́dún 2005, pe ìbò àwọn ìlú ńlá lóṣù kejì ọdún 2006. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kẹ̀yìn sí i, ipò tó pọ̀ ni ẹnikẹ́ni ò jáde fún, àwọn tó dìbò sì kéré jọjọ. Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi fòpin sí oyè ọba fúnra rẹ̀. Àga méyọ̀ ṣì ṣófo síbẹ̀. Wọ́n jà lórí òfin ìpìlẹ̀ títí di ọdún 2015, ọdún 2017 ni ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó padà wáyé, ní ìpele mẹ́ta, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án.

Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún ìbò 1997 ti pé ogún ọdún kí ó tó rí òmíràn.

Didi ní ohun tó ṣe àwọn nígbà yẹn kì í ṣe ohun ńlá kan. Ìwé ni. Láti gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, láti gba lẹ́tà pé ará àdúgbò yìí ni ọ́, láti forúkọ ìyá àgbà sílẹ̀ fún owó àwọn arúgbó, wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń lọ. Tí kò bá sí ẹni tí wọ́n yàn níbẹ̀, akọ̀wé kan tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn ni wọ́n máa bá. Kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Bó bá wù ú, ó wá síṣẹ́, bí kò bá wù ú, ó di ọ̀la. Kò sí ọjọ́ ìbò kan tí wọ́n á fi san án fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ sílé. Ọdún kan wà tí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù màmá mi dí, tí omi òjò wọlé tọ àpò ẹ̀wà mẹ́fà. Màmá mi dira, ó dé gèlè, ó mú mi dání, a lọ sí káńsù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. Alága fìdíhẹ tí wọ́n yàn láti òkè ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí níbẹ̀, nítorí pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa pé ó ti lọ rí àwọn tó yàn án. Lẹ́ẹ̀kẹta, màmá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, ó wo àga ńlá tó wà nínú ibẹ̀ tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. A padà sílé, a da ẹ̀wà náà nù. Mi ò tíì gbàgbé àga yẹn.

Nígbà tí Didi wá sọ fún mi pé 753 ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Nepal, mo ní kí wọ́n tún un sọ. 774 ni tiwa. Iye kan náà ló kù díẹ̀ kó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlú tiwa ju tiwọn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Mẹ́fà nínú tiwọn jẹ́ ìlú ńlá, 11 tẹ̀lé e, 276 jẹ́ ìlú, 460 sì jẹ́ ti ìgbèríko. Gbólóhùn kan tí wọ́n ń pariwo nígbà ìbò 2017 ni pé Singha Durbar ti dé abúlé. Ààfin àtijọ́ kan ní Kathmandu ni Singha Durbar, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ wà. Láyé àtijọ́, ará òkè tó bá fẹ́ nǹkan gidi lọ́wọ́ ìjọba, ojú ibẹ̀ ló ń wò. Òfin ìpìlẹ̀ 2015 wá ka iṣẹ́ 22 sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ nìkan, kódà ilé ẹ̀kọ́ gírámà wà nínú rẹ̀.

Òǹtẹ̀ méje ni olùdìbò kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lọ́jọ́ kan: méyọ̀, igbákejì, alága wọ́ọ̀dù, ọmọ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù méjì, obìnrin kan, àti obìnrin Dalit kan. Àwọn Dalit ni ètò ìran àtijọ́ wọn sọ di ẹni àìfọwọ́kàn, tí àwọn mìíràn kì í gba omi mu lọ́wọ́ wọn. Àga wọn wà nínú òfin báyìí, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìbò 2017, àwọn obìnrin tó wọlé káàkiri Nepal lé ní 14,000.

Ibi tí èmi àti Didi pẹ́ sí jù ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Òfin fún igbákejì méyọ̀ ní iṣẹ́ kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí: òun ni olórí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń gbọ́ ẹjọ́ àdúgbò. Ẹjọ́ omi oko, ẹni tó dí omi mọ́ ẹnì kejì lára. Ẹjọ́ owó iṣẹ́ tí wọn ò san. Ẹjọ́ ẹran ọ̀sìn tó sọnù. Ọkọ tí kò bọ́ ìyàwó, òbí tí kò bọ́ ọmọ. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sí kóòtù. Ní tiwa, iwájú baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, ọkùnrin ló sì sábà máa ń jókòó síbẹ̀. Ní tiwọn, torí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn igbákejì, obìnrin ni wọ́n ń kó ẹjọ́ wọ̀nyí bá.

Ẹjọ́ kan tún wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn: ọmọ tí kò tọ́jú òbí rẹ̀ tó ti darúgbó.

Nígbà tí Didi sọ èyí, a dákẹ́. Ẹ rántí ibi tí a wà. Yàrá 24 ló wà lẹ́yìn wa, arúgbó kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan nínú wọn kò rí ọmọ láti ọdún tó kọjá. Didi fúnra wọn fi ìyá ìyá wọn sílẹ̀ ní Dharan. Èmi fi màmá mi sílẹ̀. Didi ní wọ́n mọ obìnrin àgbà kan ládùúgbò wọn tó gbé ọ̀pá rẹ̀, tó rìn lọ bá igbákejì méyọ̀, tó fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì sùn. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà. Ojú tì wọ́n ju bí kóòtù ṣe lè dójú tì wọ́n lọ, nítorí pé ẹni tó jókòó lórí ìjókòó ìdájọ́ yẹn mọ ilé wọn, ó mọ iye tí wọ́n ń pa. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí á gbé ìyá fún oṣù báyìí. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ra lè ba ìdájọ́ jẹ́ pẹ̀lú, pé igbákejì méyọ̀ tó ń wá ìbò lè ṣègbè. Síbẹ̀, obìnrin yẹn rí ibì kan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì bá èèyàn níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí níbi ètò yìí ni bí àwọn ọkùnrin ṣe rí ọ̀nà gbà yẹ̀ ẹ́. Òfin ní bí ẹgbẹ́ kan bá fa méyọ̀ àti igbákejì kalẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Lọ́dún 2017, àwọn ẹgbẹ́ fi ọkùnrin sí òkè, wọ́n fi obìnrin sí ìsàlẹ̀. Nínú ìlú 293, obìnrin méje péré ló di méyọ̀, 276 ló di igbákejì. Nígbà tó di 2022, wọ́n tún gbọ́n sí i: àwọn ẹgbẹ́ pawọ́ pọ̀, ẹgbẹ́ kan á fa méyọ̀ nìkan kalẹ̀, èkejì á fa igbákejì nìkan, òfin ò sì mú ẹnikẹ́ni, ọkùnrin lè gba méjèèjì. Iye àwọn obìnrin tó jẹ́ igbákejì já wálẹ̀. Ìwà yìí burú. Àwọn obìnrin tó ti fi ọdún márùn-ún gbọ́ ẹjọ́ aládùúgbò, tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ náà lójú iṣẹ́, àwọn ló yẹ kó gun òkè, wọ́n wá ní kí wọ́n lọ jókòó.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Nepal ti di ọ̀run. Agbára tó súnmọ́lé tún súnmọ́ àpò. Katakata tó ń la ọ̀nà lórí òkè di àmì ìdàgbàsókè, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n yàn sì jẹ́ kọngílá tó ni katakata yẹn fúnra wọn. Wọ́n ń ya òkè láìwo ilẹ̀, tí òjò bá dé, òkè á ya lu ilé. Àwọn ìlú mìíràn kọ́ ilé ìṣọ́ gogoro tí èèyàn á gùn láti fi wo òkè, ní ìlú tó jẹ́ pé orí òkè gan-an ni wọ́n ń gbé. Ní Bharatpur lọ́dún 2017, wọ́n fa bébà ìbò ya níbi tí wọ́n ti ń kà á, wọ́n tún ìbò wọ́ọ̀dù kan dì, ọmọbìnrin Prachanda, olórí àwọn Maoist, ló sì wọlé ní méyọ̀.

Balen náà, mo bá Didi jiyàn lórí rẹ̀ gan-an. Nígbà tó wà nípò méyọ̀, ó ń gbé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo èèyàn máa wò ó, èyí dára. Pàǹtí ló bá lórí ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí Kathmandu sí, ní Sisdol, ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i pé fún ọdún díẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ṣì ń da á síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń dínà mọ́ ọkọ̀ ìdọ̀tí nítorí òórùn àti omi dúdú tó ń ṣàn wọ odò wọn. Ó lọ bá wọn níbẹ̀. Èyí náà dára. Ṣùgbọ́n ó tún rán àwọn ọlọ́pàá ìlú sí àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ ọjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó igbá wọn. Didi ní ojú títì mọ́ báyìí, àwọn arúgbó ń ráyè rìn. Mo ní, "Didi, màmá mi bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ kó tó ní ṣọ́ọ̀bù." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ò tọ́." Ẹ̀yìn ìyẹn la tó mu tíì wa.

Ti Dharan ni mo fẹ́ràn jù. Harka Sampang kò dúró de owó Kathmandu. Shramdan ló pè, ohun tí àwa ń pè ní ọ̀wẹ̀ gan-an: ẹni gbogbo, gbé ṣọ́bìrì wá. Láti odò Kokaha ni wọ́n ti fẹ́ fa omi wálé, àwọn èèyàn jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ọmọdé àti àgbà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lórí òkè, wọ́n ru páìpù, méyọ̀ náà wà láàárín wọn tí òógùn bo aṣọ rẹ̀. Àbúrò Didi fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́lẹ̀. Àwọn ará Dharan tó wà lókè òkun dáwó, Didi náà san tiwọn, wọ́n fi rìsíìtì hàn mí. Méyọ̀ yẹn lẹ́nu, kì í gba àtakò, èèyàn púpọ̀ ló ti bá jà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2023, Didi gbé fóònù sí mi létí. Ìyá ìyá wọn ló fi ohùn ránṣẹ́. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí màmá náà sọ, mo kàn ń gbọ́ omi tó ń dà sínú garawa.

Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà, pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ yan alága fìdíhẹ mọ́, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ni owó tọ́ sí. Mo ka ìròyìn náà nínú bọ́ọ̀sì, inú mi dùn débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀. Mo sáré wọlé lọ sọ fún Didi. Inú wọn dùn fún mi. Wọ́n na fóònù wọn sí mi, wọ́n fi nọ́ńbà alága wọ́ọ̀dù wọn hàn mí, ẹni tí wọ́n ń pè tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà bá délẹ̀.

"Tiyín ńkọ́, bahini? Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àbúrò mi nílé pé kó bá mi wádìí orúkọ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ìdáhùn rẹ̀ dé láàárọ̀, nígbà tí èmi àti Didi ń bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ní òun ti béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fún òun, màmá sì ní ọ̀kan nínú wọn ti kú lọ́dún kejì. Didi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ti gbé báàgì kọ́rùn, wọ́n ń retí kí n dárúkọ kan.